Tíkẹ́ẹ̀tì tán, àga ṣófo: ohun tí ojú mi ń rí ní Nebraska

Olóòtú mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìforítì. Àbúrò mi obìnrin ló máa ń ya fọ́tò ìwé ìròyìn yín ránṣẹ́ sí mi láti Ìbàdàn, ojú ewé kan tẹ̀lé èkejì, èmi a sì máa fi ìka fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù kí n tó lè kà á. Nínú èyí tó fi ránṣẹ́ kẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé yín sọ pé kò sí ohun méjì tó lé èrò kúrò ní pápá ìṣeré wa ju pé àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa kì í borí mọ́. Ó ní òyìnbó ò ní sùúrù fún ẹni tó ń fìdí rẹmi, pé ká lọ wo Amẹ́ríkà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Amẹ́ríkà tó ní ká lọ wò yẹn ni mo wà láti 2004, bọ́ọ̀lù tó sì ń sọ, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni mo máa ń dúró sí.

Lincoln ni orúkọ ìlú wa, ní ìpínlẹ̀ Nebraska, láàárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, níbi tí àgbàdo pọ̀ ju ènìyàn lọ. Kódà, àwọn tó ń bó àgbàdo ni ìtumọ̀ Cornhuskers, orúkọ tí wọ́n ń pe ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì ibẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà kì í ṣe irú èyí tí Odegbami gbá o. Èyí ṣe gbọọrọ bí ẹyin, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, wọ́n á dé akoto, wọ́n á sì máa kàn bí àgbò. Ọmọ ilé ìwé ló ń gbá a, àmọ́ ẹ má fi ojú eré ilé ìwé wò ó. Memorial Stadium, pápá wọn tí wọ́n ṣí ní 1923, ń gba nǹkan bí 85,000 ènìyàn, bẹ́ẹ̀ gbogbo ará ìpínlẹ̀ náà, tọmọdé tàgbà, kò ju bíi mílíọ̀nù méjì lọ. Lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù nílé, tí ẹ bá yọ Omaha àti Lincoln kúrò, kò sí ìlú kan ní Nebraska tí ènìyàn rẹ̀ pọ̀ tó ti inú pápá yẹn. Ìpínlẹ̀ náà kò ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn agbowó-gbábọ́ọ̀lù ńlá kankan. Àwọn ọmọ yunifásítì yìí nìkan ni wọ́n ní.

Ìtìjú ni mo fi mọ̀ wọ́n. Ní 2005, àbúrò ìyàwó mi ọkùnrin fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní Lincoln níbí, a sì mú Sátidé kan nínú oṣù kẹwàá kí òtútù tó le. Ta ló ń wo kàlẹ́ńdà bọ́ọ̀lù kó tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó? Àwọn èèyàn wa ń bọ̀ láti Houston, láti Chicago, a wá yàrá hòtẹ́ẹ̀lì títí, kò sí. Èyí tó wà, owó rẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́ta. Àlejò mọ́kànlá ló sun pálọ̀ mi lórí ìrọ̀rí àga. Èyí tó wá pa wá lẹ́rìn-ín ni pé pupa ni aṣọ ẹbí, pupa náà sì ni àwọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn. Bí ìyá ìyàwó mi ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò pẹ̀lú gèlè pupa tó fẹ̀ bí agboòrùn, àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè, wọ́n ń pariwo "Go Big Red!" Màmá rò pé ìgbéyàwó ni wọ́n ń kí òun kú. Ó juwọ́ sí wọn, ó ní, "Ẹ ṣeun o, tiyín náà á kàn."

Ọdún tó tẹ̀lé e ni mo gba iṣẹ́ Sátidé ní pápá náà. Tíṣà ni mí ní Ìbàdàn kí físà lọ́tìrì tó gbé mi débí, nítorí náà àtidarí èrò kì í ṣe ìṣòro mi. Apá kan ní ìhà ìlà-oòrùn ni wọ́n fún mi. Mo máa ń wo tíkẹ́ẹ̀tì, mo máa ń fi ìjókòó han ènìyàn, mo sì máa ń di àgbàlagbà lọ́wọ́ mú níbi àtẹ̀gùn. Ohun tí mo fẹ́ sọ, ojú iṣẹ́ yìí ni mo ti rí i.

Láti ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá 1962, gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì ló ń tán nígbàkígbà tí Nebraska bá gbá bọ́ọ̀lù nílé. Ọdún Kòró, 2020, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ èrò, wọn ò kà á mọ́ ọn. Nígbà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì Illinois wá sí Lincoln nínú oṣù kẹsàn-án 2024, ó pé ìgbà 400 léra wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bi òǹkọ̀wé yín: lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pàá yẹn ní 1962, ta ló borí? Missouri tó wá sílé wọn ló nà wọ́n, 16 sí 7. Lọ́jọ́ tó pé 400 ńkọ́? Illinois ló borí. Bí wọ́n ṣe fi ìyà bẹ̀rẹ̀ náà ni wọ́n fi ìyà ṣe àjọ̀dún rẹ̀.

Mi ò sọ pé wọn ò ṣoríire rí o. Tom Osborne darí ẹgbẹ́ náà fún ọdún 25, wọ́n sì di akọni gbogbo Amẹ́ríkà ní 1994, ní 1995 àti ní 1997. Àmọ́ mo pẹ́ kí n tó dé. 2004 tí mo wọlé ni ọdún àkọ́kọ́ tí ìyà wọn pọ̀ ju ayọ̀ wọn lọ láti 1961: wọ́n borí lẹ́ẹ̀márùn-ún, wọ́n pàdánù lẹ́ẹ̀mẹfà. Níbi iṣẹ́ mi nígbà náà, ńṣe ni gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ìlú tí ọba rẹ̀ wàjà. Mo rò pé lọ́dún tó ń bọ̀ wọ́n á fi pápá sílẹ̀ fún ẹyẹ. Wọn ò fi sílẹ̀.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 2018. Wọ́n ti mú Scott Frost padà wálé láti di kóòṣì, ọmọ Nebraska gan-an, òun ló sì ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn lọ́dún tí wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ 1997. Ẹ rò ó wò: bí ìgbà tí ìlú bá fi ọmọ bíbí inú rẹ̀ joyè. Àwọn ènìyàn ti ń dé láti àárọ̀, ẹlòmíràn kò tí ì rí tíkẹ́ẹ̀tì, ó kàn fẹ́ wà nítòsí. Akron ni àlejò. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń ṣí eré, ẹyọ kan péré, mànàmáná bá kọ. Wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn kúrò lórí àga. Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń kó èrò sábẹ́ àtẹ̀gùn, òjò ń rọ̀, àwọn ènìyàn ń rọra kọrin. Lẹ́yìn ju wákàtí méjì lọ ni wọ́n wá kéde pé eré kò ní í ṣeé ṣe mọ́. Bàbá àgbàlagbà kan tó wa mọ́tò wákàtí márùn-ún láti ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ náà, omi ń kán ní fìlà rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "A ti rí i tí wọ́n gbá a lẹ́ẹ̀kan, a ò tí ì pàdánù." Ó bá lọ wá mọ́tò rẹ̀. Ìdíje mẹ́fà tó tẹ̀lé e lọ́dún náà, wọ́n pàdánù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bàbá yìí wá sí gbogbo èyí tó jẹ́ tilé.

Àmọ́ mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé mò ń yin òyìnbó lásán. Ẹni tó ń wo tíkẹ́ẹ̀tì mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń kéde nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn kì í ṣe ohun tó wà lórí àga. Iye tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tà ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka orí ènìyàn. Ní 2018, ìwé ìròyìn Wall Street Journal wá àkọsílẹ̀ tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà kà káàkiri àwọn yunifásítì tó ń gbá bọ́ọ̀lù yìí, ó sì hàn pé bí wọ́n bá kéde 100, nǹkan bí 71 ló wọlé. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, torí èmi àti ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣọ́ apá kejì ti máa ń jiyàn lórí rẹ̀ ṣáájú. Ní Lincoln náà, mo ti rí ìlà tó pa lọ́lọ́ nínú òtútù oṣù kọkànlá tí ìwé sì sọ pé ó kún. Nínú oṣù kẹwàá 2007, Oklahoma State ti fi 38 sí òdo lé wọn lórí kí ìdajì eré tó pé. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í dìde ní ìlà mi bí ẹní gbọ́ pé iná ń jó ilé. Ẹsẹ̀ ni ẹsẹ̀ ènìyàn níbikíbi.

Ní 2021 ńkọ́? Wọ́n borí lẹ́ẹ̀mẹta péré, wọ́n pàdánù lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, kò sì sí èyí tí wọ́n fi máàkì mẹ́wàá pàdánù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ti ta ayò mọ bí irú ìyẹn ṣe ń dunni. Ọdún yẹn ni tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣẹ́kù lóòótọ́, tí ìtàn ọdún 1962 fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Àwọn olówó kan ló ra èyí tó kù, wọ́n fi ta àwọn ọmọ tí òbí wọn kò lówó lọ́rẹ. Àwọn kan ní ẹ̀tàn ni. Ẹ̀tàn kẹ̀! Mo rí àwọn ọmọ náà. Àwọn kan nínú wọn ń gbé ìlú yìí, wọn ò sì wọ inú pápá náà rí láyé wọn. Mo fi ìjókòó han ọmọkùnrin kan tó di runza mú, ìyẹn búrẹ́dì tí wọ́n ki ẹran lílọ̀ àti kábéèjì sínú rẹ̀ bí ẹní ṣe mítí páì. Nígbà tí Nebraska gba máàkì àkọ́kọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún bàlúùnù pupa gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, bó ṣe jẹ́ àṣà wọn nígbà náà. Ọmọ náà gbàgbé runza rẹ̀ sórí itan. Lọ́dún tó tẹ̀lé e ni wọ́n dáwọ́ bàlúùnù dúró, wọ́n ní hílíọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fẹ́ sínú rẹ̀ ti wọ́n.

Tó bá jẹ́ pé ìborí ló ń mú èrò dúró, ó yẹ kó dúró ní yunifásítì Alabama ju ibòmíràn lọ. Nick Saban ló ń darí wọn nígbà yẹn, òun ló gba ife-ẹ̀yẹ ọdún 2017, wọ́n sì ń na ènìyàn bí ẹní ń lu ìlù. Ní 2018, Saban fúnra rẹ̀ ń ráhùn ní gbangba pé àwọn ọmọ ilé ìwé ń kúrò ní pápá kí eré tó parí. Wọ́n ti mọ̀ pé wọ́n á borí, kí ni wọ́n ń dúró wò? Ní 2019, yunifásítì náà gbé ètò kan jáde lórí fóònù tó ń mọ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wà ní pápá: ẹni tó wá gba ọgọ́rùn-ún àmì, ẹni tó dúró di ìdá kẹrin eré gba igba àti àádọ́ta sí i, ẹni tí àmì rẹ̀ bá pọ̀ ló máa tètè rí tíkẹ́ẹ̀tì ìdíje ńlá rà. Mo fi ìròyìn yẹn han ìyàwó mi. Ó ní, "Ìyẹn ni pé wọ́n fi okùn so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n wá ń sọ pé ewúrẹ́ fẹ́ràn àwọn."

Káàkiri orílẹ̀-èdè náà, èrò ń dín kù. Ní 2018, ìpíndọ́gba àwọn tó wá wo ìdíje kan ní ipele tó ga jù kò pé 42,000, kò sì tí ì kéré tó bẹ́ẹ̀ láti 1996. Tí ẹ bá bi èmi tí mò ń dúró nínú yìnyín, màá ní kí ẹ wo ọkùnrin kan tó ń dé fìlà pupa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó rìn wọ inú pápá, kó dúró. Bó bá ti dúró, bọ́ọ̀lù ò gbọdọ̀ yí títí tẹlifíṣọ̀n á fi polówó ọjà tán. Eré ìṣẹ́jú 60 á wá gba wákàtí mẹ́ta ààbọ̀. Ẹni tó wà nílé á lọ bu ọbẹ̀ sí i. Ẹni tó wà ní pápá á máa wo fìlà. Fìlà yẹn lé ènìyàn kúrò ní ìlà mi ju Oklahoma State lọ.

Àwọn agbábọ́ọ̀lù náà kì í pẹ́ mọ́. Láti 2021 ni wọ́n ti gbà kí ọmọ ilé ìwé máa gba owó lórí orúkọ àti àwòrán rẹ̀, wọ́n sì ti mú un rọrùn fún un láti fi yunifásítì kan sílẹ̀ lọ sí òmíràn. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra aṣọ tí nọ́ńbà ọmọ kan wà lẹ́yìn rẹ̀ lónìí lè rí ọmọ náà nínú aṣọ ọ̀tá lọ́dún tó ń bọ̀.

Kí wá ló ń mú àwọn tó ń wá sí ìlà mi wá? Ó pẹ́ kó tó yé mi. Ìjókòó wọn ni. Bàbá ẹlòmíràn ló ti ń ra ìjókòó náà, ọmọ jogún rẹ̀ bí oko. Ní ìlà kọkànlélọ́gbọ̀n, ìdílé mẹ́rin ti jókòó síra wọn láti ìgbà tí èmi ò tí ì mọ ibi tí Nebraska wà lórí máàpù. Wọn kì í ríra lẹ́yìn bọ́ọ̀lù. Ẹnìkan wá láti oko, ẹnìkan ń ta oògùn, ẹnìkan jẹ́ adájọ́. Ẹ̀ẹ̀méje lọ́dún, wọ́n á pín ẹ̀pà jẹ, wọ́n á béèrè ọmọ, wọ́n á bú kóòṣì. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n gbé wá nínú aṣọ òtútù bí ìdì àkàrà, tó wá dàgbà, tó gbé ìyàwó wá fi han ìlà kọkànlélọ́gbọ̀n kó tó mú un lọ sílé ẹlòmíràn.

Nígbà tí ìyá mi kú ní 2016, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Sátidé kan ni mi ò wá. Nígbà tí mo padà dé láti Ìbàdàn, bàbá oníwákàtí márùn-ún yẹn na àpò ìwé kan sí mi. Gbogbo ìlà ló fọwọ́ sí i, owó sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣọ́ apá kejì ló tú mi fó. Èmi tí mo rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni wọ́n ti ń dáwó òkú! Bàbá náà kò mọ orúkọ àpèlé mi dòní, "Mister B" ló ń pè mí.

Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kọkànlá 2024, Nebraska na Wisconsin 44 sí 25. Ìborí kẹfà wọn lọ́dún náà ni, òun ló fún wọn láyè láti gbá ìdíje ìparí ọdún, wọn ò sì tí ì dé irú rẹ̀ láti 2016. Kò ju ìyẹn lọ. Kì í ṣe ife, kì í ṣe adé. Àwọn ọmọ fò wọ inú pápá bí ẹni pé wọ́n ti jẹ ayé tán. Iṣẹ́ wa ni láti dá wọn dúró. Ẹ má sọ fún ọ̀gá mi, mo kọjú sí òkè, mò ń wo ojú ọ̀run.

Nítorí náà, olóòtú mi, kí òǹkọ̀wé yín má fi Amẹ́ríkà gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ọmọ ọdún 12 ni mí nígbà tí IICC, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn tí a ń pè ní 3SC báyìí, gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà ní 1976, orí ejìká bàbá mi ni mo ti ń wo bọ́ọ̀lù ní pápá Liberty. Bàbá mi ní ibi tó máa ń jókòó sí, ó ní àwọn tó máa ń jókòó tì, ọ̀kan nínú wọn ló fún mi ní ṣílè àkọ́kọ́ tí mo ná fúnra mi. Mi ò mọ ibi tí àwọn ọmọ àwọn bàbá yẹn wà. Kò sẹ́ni tó jogún ìjókòó kankan. Ó sì dára kí n jẹ́wọ́ tèmi: nígbà tí Kanu lọ sí Arsenal ní 1999, èmi náà bá a lọ. Ilé ìwobọ́ọ̀lù ní Òke-Àdó ni mo ń sanwó sí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, mi ò sì bèèrè bóyá 3SC borí tàbí wọn ò borí. N kò bá wọn jà. Mo kàn dẹ́kun àtilọ ni.

Mò ń bọ̀ nílé nínú oṣù kejìlá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Mo gbọ́ pé wọ́n ti tún pápá Adamasingba ṣe. Tí ẹ bá lè bá mi wádìí ọjọ́ tí 3SC máa gbá bọ́ọ̀lù nílé lákòókò náà, àti ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ fi sójú ewé eré ìdárayá yín. Méjì ni mo fẹ́ rà. Àbúrò mi ní òun ò ní í lọ, àmọ́ màá kọ́kọ́ rà á ná.

Èmi ni tiyín,

Bàbá Ìyábọ̀,
Lincoln, Nebraska.